Ìsanrajù ọmọdé: bí ọ̀rá ara ṣe ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè máa dì

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń kìlọ̀ fún àwọn òbí pé ìsanrajù ọmọdé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrísí ara nìkan. Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ní orílẹ̀-èdè mélòó kan fi hàn pé ọ̀rá tó bá pọ̀ jù lára ọmọ máa ń yí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹ̀jẹ̀ náà á máa tètè dì ju bó ṣe yẹ lọ, bó bá sì dì tán, kì í tètè tú.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà gba àkíyèsí ni pé ìyípadà yìí kì í dun ọmọ. Ọmọ náà á máa jẹ, á máa mu, á máa ṣeré, á sì máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè tó ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kí àbájáde rẹ̀ tó hàn síta, nígbà tí àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ bá kọ lu ẹni tó ti di bàbá tàbí ìyá ọmọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ìlú tí ìgbésí ayé ti ń yí padà kíákíá jù lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Enugu, ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Enugu East níbẹ̀, adágún omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Nike Lake. Orúkọ àwọn ọmọ Ìgbò tó ni ilẹ̀ náà, ìyẹn àwọn ará Nike, ni adágún náà ń jẹ́. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni gbogbo àyíká yẹn tẹ́lẹ̀, kí ìlú Enugu tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò lẹ́yìn tí wọ́n rí èédú ní òkè Udi ní ọdún 1909. Lónìí, ilé ìtura ńlá wà lẹ́bàá omi náà, àwọn ìdílé sì máa ń lọ gbafẹ́ níbẹ̀ nígbà ìsinmi. Ọ̀dà ti dé ojú ọ̀nà, ilé ti dípò oko, ọkọ̀ ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń gbé wọn bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́, ní Abẹ́òkúta àti ní Èkó. Ọmọ tí òbí rẹ̀ àgbà ń fi ẹsẹ̀ rin ibùsọ̀ mélòó kan lọ sí oko lójoojúmọ́ ti wá di ẹni tó ń jókòó sínú ọkọ̀, sínú kíláàsì àti sí iwájú tẹlifíṣàn.

Ta ni a lè pè ní ọmọ tó sanra jù?

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó bá tóbi ló sanra jù. Ọmọ mìíràn ga, eegun rẹ̀ sì nípọn. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà kì í fi ojú lásán ṣe ìdájọ́. Wọ́n á gbé ọmọ lé ìwọ̀n láti mọ iye kílógíráàmù rẹ̀, wọ́n á sì wọn gíga rẹ̀ ní mítà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi gíga yìí pín ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n á tún fi gíga kan náà pín èyí tí wọ́n bá rí. Iye tó bá kù ni wọ́n ń pè ní BMI.

Fún àgbàlagbà, ẹni tí BMI rẹ̀ bá tó 25 ti wúwo jù, ẹni tí tirẹ̀ bá sì tó 30 ti sanra jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọdé yàtọ̀, nítorí pé ara ọmọ ń dàgbà. Ọjọ́ orí ọmọ, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò pọ̀ mọ́ ọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé àtẹ ìdíwọ̀n jáde fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní ọdún 2006, ó sì gbé ti àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 jáde ní ọdún 2007.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ ọdún 10 ṣe àpẹẹrẹ, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.40, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílógíráàmù 48. BMI rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24.5. Bí àgbàlagbà bá ní iye yìí, dókítà á sọ pé ara rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n fún ọmọ ọdún 10, ì báà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àtẹ àjọ WHO fi hàn pé ó ti kọjá ìlà ìsanrajù. Òbí tó bá ń fi ara tirẹ̀ díwọ̀n ti ọmọ lè máà fura rárá.

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì

Ore ńlá ni dídì ẹ̀jẹ̀ jẹ́ fún ara. Bí ọ̀bẹ bá gé ẹni tó ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn díẹ̀, lẹ́yìn náà á dá. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ojú ọgbẹ́ kékeré lè pa èèyàn.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú iṣẹ́ náà. Àkọ́kọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gé á fún ara rẹ̀ pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣòfò púpọ̀. Èkejì, àwọn ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní platelet á sáré dé ibẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ̀kẹta, èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ ń pèsè, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ fibrinogen, á yí padà di okùn tín-ín-rín tín-ín-rín tó ń jẹ́ fibrin. Àwọn okùn yìí á hun ara wọn bí àwọ̀n apẹja, wọ́n á sì mú ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ di ògìdìgbó kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Nígbà tí ọgbẹ́ bá jinná, ara ní òṣìṣẹ́ mìíràn tí í máa já àwọ̀n náà, kí ẹ̀jẹ̀ lè padà máa ṣàn geere. Orúkọ òṣìṣẹ́ yìí ni plasmin. Ara kò sì fẹ́ kí plasmin máa já àwọ̀n tí ọgbẹ́ kò tíì fi jinná, nítorí náà ó ní alákòóso kan tí ń dá a dúró. Àwọn onímọ̀ ń pe alákòóso yìí ní PAI-1.

Ohun gbogbo á máa lọ déédéé bí àwọn tó ń hun àwọ̀n àti àwọn tó ń já a bá ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n kan náà. Bí àwọn ahunwọ̀n bá pọ̀ jù, tàbí tí wọ́n bá so ọwọ́ ẹni tí ń já àwọ̀n, ẹ̀jẹ̀ lè dì níbi tí kò sí ọgbẹ́ kankan. Bí ó bá dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á wú. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá já, tó sì bá ẹ̀jẹ̀ ṣàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, èèyàn lè kú lójijì. Bí ó bá dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn, ìkọlù ọkàn nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ ti ọpọlọ ló dí, rọpárọsẹ̀ ni.

Ohun tí ọ̀rá ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀

Ní ọdún 1856, onímọ̀ ìṣègùn ará Jámánì kan, Rudolf Virchow, ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì sínú iṣan àti bí ó ṣe ń já lọ sí ibòmíràn. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ti fa ohun mẹ́ta yọ tí wọ́n ṣì ń lò títí di òní: kí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yí padà, kí ògiri inú iṣan bàjẹ́, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn dáadáa mọ́. Ìsanrajù ń fọwọ́ kan ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn ti máa ń rò pé ọ̀rá ara kàn jókòó síbẹ̀ ni, bí epo tí a kó pamọ́ sínú agbè. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti wá mọ̀ pé ọ̀rá ń ṣiṣẹ́ bí ilé iṣẹ́ ni. Ó ń pèsè oríṣiríṣi èròjà, ó sì ń tú wọn sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn èròjà náà ni PAI-1, alákòóso tí ń so ọwọ́ ẹni tó yẹ kó já àwọ̀n. Bí ọ̀rá bá ṣe ń pọ̀ sí i, pàápàá èyí tó yí àwọn ẹ̀yà inú ikùn ká, bẹ́ẹ̀ ni PAI-1 á ṣe máa pọ̀ sí i. Ọ̀rá tún ń ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀ pé kó máa pèsè fibrinogen púpọ̀ sí i. Lọ́nà yìí, òwú tí a fi ń hun àwọ̀n pọ̀ sí i, ẹni tí ń já a kò sì rí ọwọ́ gbé.

Ohun kejì ni ògiri iṣan. Bí ara bá ní ọ̀rá jù, ó máa ń ṣe bí ẹni pé àrùn kan wọ inú rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà tó ń gbèjà ara á dìde ogun, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀tá kankan. Ó dà bí iná eérú tí kò jó lala tí kò sì kú. Iná jẹ́ẹ́jẹ́ yìí máa ń ba ìtẹ́ tó tẹ́jú nínú iṣan jẹ́, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn méjèèjì wọ́pọ̀ lára ẹni tó sanra jù, tún ń dá kún ìbàjẹ́ náà.

Ẹ̀kẹta ni ṣíṣàn ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ẹsẹ̀ nílò ìrànlọ́wọ́ kí ó tó lè gun òkè padà sí ọkàn. Ẹran iṣan ẹsẹ̀ ló ń tì í lọ nígbà tí èèyàn bá ń rìn tàbí tó ń sáré. Ọmọ tó ń jókòó fún wákàtí púpọ̀ kì í fún ẹ̀jẹ̀ ní ìrànlọ́wọ́ yìí, ọ̀rá inú ikùn sì lè tẹ àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Ohun tí ìwádìí ti fi hàn

Ní ọdún 2010, Dókítà Nelly Mauras àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Jacksonville, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún 7 sí 18. Wọ́n fi àwọn tó sanra jù wé àwọn tí kò sanra. Àwọn tó sanra tí wọ́n yàn kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà ara wọn kò sì tíì yí padà. Lójú ẹni tó bá wò wọ́n, kò sí àìsàn kankan lára wọn. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn ti ní èròjà iná jẹ́ẹ́jẹ́ náà ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ fíìfíì, fibrinogen àti PAI-1 wọn sì ti lọ sókè. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí kò tíì bàlágà pàápàá.

Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní Winston-Salem, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ṣàyẹ̀wò àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ọdún 2 sí 18 tí ẹ̀jẹ̀ dì sí nínú iṣan láàárín ọdún 2000 sí 2012. Nínú ọmọ 88 tí wọ́n rí, 33 ló sanra jù. Ìwádìí náà, tó jáde ní ọdún 2016, fi hàn pé ìsanrajù wà lára ohun tó ń fa ewu yìí.

Ó yẹ kí àwọn òbí mọ̀, síbẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ṣẹlẹ̀ sí ti ní ìdí mìíràn pẹ̀lú: àìsàn líle tó gbé wọn dè mọ́ ibùsùn, iṣẹ́ abẹ, àrùn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, tàbí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sínú iṣan ńlá láti máa gba ibẹ̀ fún wọn ní oògùn. Ìsanrajù á wá di ẹrù tí a gbé lé orí ẹrù. Nítorí náà, ó dára kí dókítà mọ̀ nípa ìwọ̀n ọmọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dá a dúró sí ilé ìwòsàn tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Ewu tó pọ̀ jù wà lọ́jọ́ iwájú. Ní orílẹ̀-èdè Denmark, wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwọ̀n àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 2007, Jennifer Baker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí 276,835 nínú àwọn ọmọ náà, tí wọ́n ti dàgbà. Wọ́n rí i pé àwọn tí BMI wọn ga nígbà tí wọ́n wà láàárín ọdún 7 sí 13 ni àrùn iṣan ọkàn mú jù nígbà tí wọ́n dàgbà, ewu náà sì ń pọ̀ sí i bí ọmọ bá ṣe ń sún mọ́ ọdún 13 pẹ̀lú ìwọ̀n náà.

Ní ìlú Bogalusa, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, Dókítà Gerald Berenson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò iṣan ara 204 àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́ tó ti kú, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 2 sí 39, tó jẹ́ pé jàǹbá ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 1998. Ọ̀rá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan wọn láti kékeré, ó sì pọ̀ jù lára àwọn tí ìwọ̀n ara wọn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn ga nígbà tí wọ́n wà láàyè. Orí irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti sábà máa ń dì, tí yóò fi dí ọ̀nà ọkàn tàbí ti ọpọlọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Nàìjíríà: ebi ní ọwọ́ kan, ìsanrajù ní ọwọ́ kejì

Àwọn kan lè béèrè pé kí ló kan orílẹ̀-èdè tí ebi ń pa ọmọ níbẹ̀ pẹ̀lú ìsanrajù. Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Àyẹ̀wò ètò ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé ọmọ 37 nínú 100 tí kò tíì pé ọdún 5 ni kò ga tó bó ṣe yẹ nítorí àìjẹunre-kánú, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ 2 péré nínú 100 ló wúwo jù.

Ṣùgbọ́n ìṣirò gbogbo orílẹ̀-èdè máa ń bo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìlú ńlá mọ́lẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ìlú Nàìjíríà fi hàn léraléra pé ìwúwojù pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tí òbí wọn rí já jẹ, àti àwọn tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Ní Enugu, àwọn oníṣègùn ọmọdé ṣàyẹ̀wò ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama tó ju 2,600 lọ, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 10 sí 18. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013, nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ 5 nínú 100 ló ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì ni ọ̀kan nínú ohun tí ń ba ògiri iṣan jẹ́.

Ní gbogbo àgbáyé, àjọ WHO sọ pé ọmọ àti ọ̀dọ́ tó ju 390 mílíọ̀nù lọ, láàárín ọdún 5 sí 19, ló wúwo jù ní ọdún 2022. Mílíọ̀nù 160 nínú wọn ló ti sanra jù. Ní ọdún 1990, ọmọ 8 péré nínú 100 ló wúwo jù. Ní ọdún 2022, ó ti di 20. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àjọ UNICEF kéde pé fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 tó sanra jù lágbàáyé ti pọ̀ ju àwọn tí kò wúwo tó lọ. Ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà àti gúúsù Éṣíà nìkan ni kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ilẹ̀ Áfíríkà ṣì ní àǹfààní láti dènà ohun tó ti bọ́ mọ́ àwọn mìíràn lọ́wọ́.

Ọmọ tó sanra, ṣé ọmọ tó rí ìtọ́jú ni?

Láwùjọ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn Ìgbò, sísanra ọmọ jẹ́ ìyìn fún ìyá rẹ̀. Bí àlejò bá rí ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, á ní ìyá rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Bí ọmọ bá fọn, àwọn aládùúgbò á máa béèrè ohun tó ń ṣe é. Kò sí àbùkù nínú èrò yìí nígbà tí ó kọ́kọ́ dáyé. Ní àkókò tí ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti èéyi máa ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ, ọmọ tó ní ẹran lára ló lè fara da àìsàn.

Ohun tó yí padà ni oúnjẹ àti iṣẹ́ ara. Ọmọ tó ń jẹ iyán, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, tó sì ń sáré káàkiri àdúgbò títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kì í sábà sanra jù. Lónìí, bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń kó sínú àpò ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tó gba 35cl lè ní ṣúgà tó tó gíráàmù 35 nínú, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìpo-tíì mẹ́sàn-án. Ìyá tí kò jẹ́ gbà kí ọmọ rẹ̀ bu ṣíbí ṣúgà mẹ́sàn-án sínú ife omi lè ra ìgò méjì fún un láàárín ọjọ́ kan láìfura.

Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé ìgbésẹ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìṣúná tí wọ́n fọwọ́ sí ní òpin ọdún 2021 gbé owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Ṣùgbọ́n owó orí nìkan kò lè yí ohun tí a ń gbé sí iwájú ọmọ padà.

Ó ṣeé yí padà

Ìròyìn ayọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè padà sí bó ṣe yẹ. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ ní Spain tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tó sanra jù. Nígbà tí ìwọ̀n àwọn ọmọ náà dín kù, PAI-1 tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn náà dín kù.

Ìwádìí mìíràn tó jáde ní ọdún 2011, tí Markus Juonala jẹ́ aṣáájú rẹ̀, tẹ̀ lé àwọn èèyàn 6,328 láti ìgbà ọmọdé wọn fún nǹkan bí ọdún 23. Àwọn tó wúwo jù nígbà ọmọdé, tí wọ́n sì tún sanra jù nígbà tí wọ́n dàgbà, ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ìtọ̀ ṣúgà àti ìbàjẹ́ iṣan pọ̀ lára wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó wúwo jù nígbà ọmọdé, tí wọn kò sanra jù nígbà tí wọ́n dàgbà, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ewu ju àwọn tí kò sanra rí lọ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ohun tí òbí lè ṣe

Àwọn onímọ̀ kò fẹ́ kí òbí máa fi ebi pa ọmọ. Ọmọ ń dàgbà, ó sì nílò oúnjẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, kò pọn dandan kí ìwọ̀n dín kù kíákíá. Bí ìwọ̀n bá dúró sí ojú kan tí ọmọ sì ń ga sí i, BMI rẹ̀ á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà ń gbà òbí nìyí:

Kí omi jẹ́ ohun mímu ọmọ lójoojúmọ́, kí ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì di ohun ọjọ́ ayẹyẹ. Kí èso bí ọsàn, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dípò bisikíìtì àti súwíìtì.

Kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja àti àwọn oúnjẹ tí kò ní epo púpọ̀ wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Ní Enugu, òbí lè fún ọmọ ní okpa dípò ohun dídín, nítorí inú omi gbígbóná ni wọ́n ti ń sè é bíi mọ́ínmọ́ín. Kí a má sì fi dandan mú ọmọ jẹ àjẹkù nígbà tó bá ti yó.

Kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 60 ó kéré tán lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí àjọ WHO ṣe là á sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù gbígbá, okùn fífò, tẹ́ǹtẹ́ títa, ijó jíjó àti rírin lọ sí ilé ẹ̀kọ́ níbi tí kò léwu, gbogbo rẹ̀ ló kà. Òbí tó bá mú ọmọ lọ sí ibi ìgbafẹ́ bíi Nike Lake lè bá a rìn létí omi kí wọ́n tó jókòó jẹun.

Kí a dín wákàtí tẹlifíṣàn, fóònù àti géèmù kù, kí ọmọ sì máa sùn dáadáa. Àìsùn tó máa ń dá kún ìsanrajù.

Kí ìyá fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Àjọ WHO sọ pé èyí wà lára ohun tó lè dín ewu ìsanrajù kù.

Kí gbogbo ilé jọ ṣe é. Bí bàbá bá ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò níwájú ọmọ tí wọ́n fi omi sí iwájú rẹ̀, ìmọ̀ràn náà kò ní dúró. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ara rẹ̀. Ẹ̀sín kì í dín ọ̀rá kù, ìbànújẹ́ ló ń fà, ìbànújẹ́ náà sì lè mú kí ọmọ máa jẹun sí i.

Kí òbí máa mú ọmọ lọ wọn ara ní ilé ìwòsàn ní ìgbà dé ìgbà. Ní Enugu, àwọn oníṣègùn ọmọdé wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Nàìjíríà, UNTH, ní Ituku-Ozalla, àti ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti ìpínlẹ̀ náà ní Parklane. Ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù, UCH wà ní Ìbàdàn, LUTH sì wà ní Èkó. Dókítà lè ṣàyẹ̀wò ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ṣúgà ara rẹ̀ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò dídì ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe dandan fún gbogbo ọmọ tó sanra. Dókítà ló máa mọ ìgbà tó yẹ.

Kò yẹ kí òbí ra oògùn tí wọ́n ní ó ń "fọ ẹ̀jẹ̀" tàbí tó ń mú un "ṣàn" fún ọmọ. Aspirin, tí dókítà ń fún àwọn àgbàlagbà kan kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà dì, lè fa àìsàn tó ń ba ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ ọmọdé jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ọmọ bí kò bá jẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́.

Àwọn àmì tí kò yẹ kí a fi falẹ̀

Bí ẹ̀jẹ̀ dídì kò tilẹ̀ wọ́pọ̀ lára ọmọdé, ó dára kí òbí mọ àmì rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ tàbí apá kan ṣoṣo bá wú, tó ń dun ọmọ, tó sì gbóná ju èkejì lọ. Bí kò bá lè mí dáadáa lójijì tàbí tí àyà ń dùn ún. Bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò lágbára mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já geere mọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ṣe pàtàkì jù fún ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń tètè dì tẹ́lẹ̀, ì báà sanra tàbí kó má sanra.

Fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó sanra jù, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn àmì yìí tó máa hàn báyìí. Ohun tó ń lọ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní ariwo. Ṣùgbọ́n àkókò tí kò sí ariwo yìí gan-an ni àtúnṣe ṣì rọrùn jù lọ, ìwọ̀n, omi tútù àti eré ìdárayá sì ni irinṣẹ́ rẹ̀.